Ta Ni Yóò Fọwọ́ Sí Àwòrán Yìí? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nà Ètò Ilé Gbígbé ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, Kọmíṣọ́nà tí ẹ ń mójú tó ètò ilé gbígbé ní ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì,

  Mo mọ̀ pé ìwé tó wà lórí tábìlì yín pọ̀. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ kan bá ń jò, tí ilé alájà mìíràn sì ń là, ọ̀rọ̀ àga, àjà àti ọ̀dà lè dà bí ohun tó lè dúró de ọjọ́ mìíràn. Ẹ dákun, ẹ bá mi ka èyí tán.

Iṣẹ́ ìṣètò inú ilé ni mo ń ṣe, Ìbàdàn ni mo fi ṣe ibùjókòó. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ìwé ìkésíni kan tí ìgbìmọ̀ tó fẹ́ tún ilé ìgbẹ̀bí ìjọba kan ṣe fi ránṣẹ́ sí àwa bíi mélòó kan. N kò ní dárúkọ ìgbìmọ̀ náà, nítorí n kò kọ̀wé láti dójú ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi àwòrán mẹ́rin sínú ìwé náà, àwòrán gbọ̀ngàn tí àwọn aláboyún yóò ti máa dúró de dókítà. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, AI, ló ya gbogbo rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba, wọn kò fi pa mọ́, mo sì yìn wọ́n fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ẹni tí yóò wá wọn ilé, àwọn kò fẹ́ ẹni tí yóò ya púláànù, nítorí pé iṣẹ́ yíyà ti parí. Kí oníkálukú kàn kọ iye tí yóò gbà láti gbé ohun tó wà nínú àwòrán náà kalẹ̀. Ẹni tí owó tirẹ̀ bá kéré jù ni yóò gba iṣẹ́.

Àwòrán náà dùn ún wò. Ìmọ́lẹ̀ wọlé láti ara dígí tó gba odindi ògiri kan láti òkè délẹ̀. Ilẹ̀ ń dán gbinrin. Àga alápá gbọọrọ, aṣọ funfun ni wọ́n fi bò wọ́n, òdòdó wà nínú ìkòkò lórí tábìlì. Bí mo bá jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, tí mo ti ń wo ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí fún ọdún gbọọrọ, inú mi ì bá dùn sí i gan-an.

Mo mú téèpù, mo lọ síbẹ̀. Ògiri tí AI sọ di dígí, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ilé jẹnẹrétọ̀ wà: ariwo, ooru àti èéfín ni ìyá ọlọ́mọ yóò máa gbà lójú. Kò sí fáànù kan nínú àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kò sí ibi tí omi ìfọwọ́ wà. Ní ti aṣọ funfun orí àga, gbogbo nọ́ọ̀sì ló mọ̀ pé níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti omi ara lè dà sílẹ̀ nígbàkigbà, ohun tí a lè fi omi jíìkì nù ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ lórí àga.

Ibi tí ọkàn mi ti dúró ni àtẹ̀gùn. Ní àárín gbọ̀ngàn náà, AI gbé apá kan ilẹ̀ sókè, ó fi àtẹ̀gùn mẹ́ta gun ún, láìsí irin tí ènìyàn lè dì mú. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó fi síbẹ̀. Nínú àìmọye àwòrán gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì tó ti wò, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wà, ó sì máa ń wu ojú, ló bá fi ṣe ẹ̀bùn fún wa. Aláboyún tó ti wọ oṣù kẹsàn-án kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nígbà tó bá ń rìn. Ẹ wá fi táìlì tó ń dán kún un, kí ó jẹ́ oṣù keje, kí bàtà gbogbo àwọn tó ń wọlé tutù fún òjò. Ẹ ronú nípa nọ́ọ̀sì tó ń ti ibùsùn onítáyà sáré lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, tí àtẹ̀gùn mẹ́ta wà láàárín òun àti ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n lè ní kí a fi ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rọ́pò rẹ̀. Èyí náà ní ìṣirò tirẹ̀. Ìwọ̀n tí àwa oníṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé bí ilẹ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà kan, kí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, ó kéré tán. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 yóò nílò mítà 5.4. Mo wọn gbọ̀ngàn náà. Kò ní àyè yẹn láìjẹ́ pé a kó ìdajì àga jáde. Ìdáhùn tó tọ́ ni kí ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, bó ṣe wà lónìí. Kò sí bí mo ṣe lè mọ èyí láti inú àwòrán, ẹ̀rọ tó yà á kò sì lè sọ ọ́ fún mi.

Òfin pàápàá ti dá sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó dènà ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè wọlé kó sì jáde láìsí ẹni tó gbé e. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024. Òfin ti parí sùúrù rẹ̀, ìgbìmọ̀ kan sì fẹ́ ná owó ìlú láti mọ àtẹ̀gùn tuntun sí ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ó yẹ kí n sọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Midjourney, DALL-E 2, Stable Diffusion: ọdún 2022 ni wọ́n tẹ ará ìlú lọ́wọ́. Wọ́n fi àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ wọn níṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní LAION-5B, ní àwòrán tó lé ní bílíọ̀nù márùn-ún. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ sí i, ẹ̀rọ náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó rí wúruwùru, yóò máa yọ ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jọ ohun tí a béèrè. Jíjọ ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ògiri kan tó gbé òkè ilé ró àti ògiri kan tí a fi pákó dá láàárín yàrá, ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú rẹ̀, nítorí pé wọ́n jọra nínú àwòrán. Ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé sí gbọ̀ngàn yẹn kò sí nínú ohun tó kọ́.

Ilé àwọn ará ilẹ̀ òtútù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Bí mo bá ní kó ya pálọ̀ ìdílé kan ní Ìbàdàn, ó máa ń mọ ibi ìyáná sí ara ògiri fún mi. Bí mo bá wá tẹnu mọ́ ọn pé ti Yorùbá ni mo fẹ́, á kó ère, ìlù àti awọ ẹran sí gbogbo igun. Ìyá tó ń gbé inú pálọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi kò tíì pàdé rẹ̀ rí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo kórìíra ẹ̀rọ. Mo ń lò ó lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ àmọ́ tí wọn kò rí ẹnu sọ ọ́; bí mo bá gbé àwòrán mẹ́wàá síwájú wọn, wọn á na ìka sí ọ̀kan, iṣẹ́ á sì yá. Màmá àgbàlagbà kan na ìka báyìí sí pálọ̀ aláwọ̀ ewéko kan tí ẹ̀rọ yà. Mo jókòó tì wọ́n, a jọ mu omi, a ń sọ̀rọ̀. Mo rí i pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì wá ohun tí wọ́n lè dì mú. Àga inú àwòrán tó wù wọ́n lọ sílẹ̀ púpọ̀, kò sì ní apá. Bí wọ́n bá jókòó síbẹ̀, wọn yóò máa pe ọmọ kí wọ́n tó lè dìde nínú ilé ara wọn. A mú àwọ̀ ewéko náà, a ní kí káfíńtà gbé ìjókòó ga dé sẹ̀ǹtímítà 48, a fún àga ní apá tó le koko. Ẹ̀rọ fún wa ní àwọ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni, ohun tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó ti màmá.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù jù.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2013, iná sọ ní ilé ijó Kiss ní ìlú Santa Maria, ní Brazil. Ẹni 242 ló kú, ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Fóòmù ni wọ́n lẹ̀ mọ́ àjà kí ariwo orin má baà yọ àdúgbò lẹ́nu. Iná àfiṣeré tí àwọn olórin tàn ran fóòmù náà, èéfín olóró tó jáde lára rẹ̀ sì pa àwọn ọmọ náà níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà àbájáde. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kejì ọdún 2003, fóòmù bẹ́ẹ̀ lára ògiri ilé ijó The Station ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ní Amẹ́ríkà, ti di ikú ẹni 100. Ẹnìkan ló yan fóòmù wọ̀nyẹn. Ìpinnu inú ilé ni, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀ṣọ́.

Mo tún padà wo àwòrán kẹta tí ìgbìmọ̀ náà fi ránṣẹ́. Ohun rírọ̀ kan bo ògiri láti ẹ̀yìn àga títí dé àjà, àwọ̀ eérú. Kí ni ohun náà? Ṣé fóòmù ni, àbí òwú, àbí igi tí wọ́n fi aṣọ wé? Ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn, nítorí pé kò sí ohun kankan níbẹ̀ ju àwọ̀ lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ bá sì ti sọ pé ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni yóò ṣe é, ọjà ni yóò dáhùn: ohun tó bá jọ ọ́, tó sì pọ́ọ́kú jù, ni wọn yóò rà wá. Ilé ìgbẹ̀bí ni mò ń sọ yìí, níbi tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà, níbi tí àwọn tí kò lè sáré pọ̀ sí ju ibikíbi lọ.

Ìmọ̀ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ilé wà, tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí, kò ṣàjèjì sí ìlú wa. Ẹ wọ inú ilé ìsìn àwọn Dominican tí Demas Nwoko kọ́ sí Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1970, kí ẹ jókòó síbẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Iṣẹ́ ọnà ni Nwoko kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ ilé yíyà; síbẹ̀, ó ka oòrùn àti afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bí ẹni ka ìwé. Ní ọdún 2023, ní ìpàtẹ iṣẹ́ ilé yíyà ìlú Venice ní Ítálì, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Golden Lion fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Kí wọ́n tó kọ́ ilé ìsìn yẹn rárá, Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé tí wọ́n wá láti Ìlú Ọba, ti fi ògiri oníhò àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn sí àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn kí ìyẹ̀wù lè máa mí. Àlejò ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fara balẹ̀ wo ibi tí wọ́n dé. Mi ò rí ìdí tí àwa onílé yóò fi gba ilé tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Àwọn kan ń rò pé ẹni tó bá lo ẹ̀rọ ti rí ibi ìsádi kúrò lọ́wọ́ ẹ̀bi. Ní oṣù kẹfà 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé agbẹjọ́rò méjì àti ilé iṣẹ́ wọn lórí, nítorí pé wọ́n kó ẹjọ́ tí ẹ̀rọ AI ChatGPT hùmọ̀ wá síwájú rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì bi wọ́n, wọn kò tètè jẹ́wọ́. Ní oṣù kejì 2024, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ kan ní Kánádà ní kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Canada sanwó fún èrò ọkọ̀ kan tí ẹ̀rọ ìfèsì rẹ̀ ṣì lọ́nà. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ ti ẹ̀bi sọ́rùn ẹ̀rọ, wọn kò gbà fún un. Bí ìyá kan bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta yẹn, ẹjọ́ rẹ̀ kò ní gba ọ̀nà mìíràn. Adájọ́ yóò béèrè orúkọ ènìyàn. Bí kò bá rí orúkọ oníṣẹ́ tó fọwọ́ sí púláànù, orúkọ ẹni tó ní kí wọ́n má ya púláànù ni yóò wá, ọ́fíìsì tó sì gbé owó jáde kò ní jìnnà sí i.

Nítorí náà, Ẹ̀yin Ọlọ́lá, ohun tí mò ń béèrè nìyí.

Èkíní, kí ọ́fíìsì yín má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àwòrán AI nìkan gbé iṣẹ́ inú ilé ìjọba jáde. Àwòrán lè wà, kí ó tilẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kí púláànù tí wọ́n wọn láti ojú ilé gan-an wà pẹ̀lú rẹ̀, kí orúkọ ẹni tó wọn ọ́n àti ọjọ́ tó wọn ọ́n sì wà lórí rẹ̀.

Èkejì, kí owó wíwọn ilé wà lọ́tọ̀ nínú ìwé ìnáwó. Òun ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Bí a kò bá sanwó fún ẹni tó lọ wo ilé, kò sí ẹni tí yóò lọ. Àwa oníṣẹ́ pàápàá kì í ṣe áńgẹ́lì. Àwọn kan nínú wa ti ń ta àwòrán AI fún oníbàárà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó parí, wọn kò sì dé ẹnu ọ̀nà ilé náà rí.

Ẹ̀kẹta, fún gbogbo ohun tí a ó lẹ̀ mọ́ ògiri, tí a ó fi bo àjà tàbí àga, kí ìwé kan sọ ohun tó jẹ́, bó ṣe ń ṣe bí iná bá kàn án, àti ohun tí a lè fi fọ̀ ọ́. Ojú ewé kan tó. Ẹni tí kò bá lè kọ ojú ewé kan yìí kò mọ ohun tó fẹ́ gbé kalẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ kìlọ̀ fún àwọn ìgbìmọ̀ nípa fọ́tò. Mo rí i pé wọ́n ti ya fọ́tò yàrá tí aláìsàn wà, tí káàdì orí ibùsùn hàn ketekete, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ kí ó lè tún un ṣe. Nàìjíríà ní òfin ààbò dátà láti ọdún 2023. Fọ́tò yẹn ti lọ sí ibi tí a kò lè gbà á padà.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn àgbà iṣẹ́ wa, níwọ̀n bí lẹ́tà yìí ti jẹ́ ti gbogbo ayé. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa ní bí a ti ń fi ọwọ́ pa igi kí a mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, bí a ti ń mọ pákó tí ikán yóò jẹ yàtọ̀ sí ìrókò, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ yín bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọmọ tó ti ya ọgọ́rùn-ún pálọ̀ lórí fóònù, tí kò sì tíì wọn ilẹ̀kùn kan, kò ní rí àṣìṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá gbé e fún un, nítorí pé àṣìṣe ẹ̀rọ yìí máa ń rẹwà. Ẹ fún un ní téèpù kí ẹ tó fún un ní ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin Ọlọ́lá, n kò sọ èyí láti halẹ̀ mọ́ yín. Mo mọ ipò yín, mo sì mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti dé etí yín, ẹ lè fi ìwé kan ṣoṣo dá a dúró. Ṣùgbọ́n ó ti wà ní gbangba báyìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa lọ́la nínú ilé tí a fi àwòrán lásán ṣe, kò ní ṣeé sọ pé kò sí ẹni tó kìlọ̀.

Ọ́fíìsì èyíkéyìí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó bá fẹ́ kí a jọ jókòó kọ ìlànà náà, n óò wá, n kò sì ní gba kọ́bọ̀. Mo mọ àwọn akẹgbẹ́ mi tí wọn yóò bá mi wá. A ti ní ojú ewé mẹ́ta tí a kọ sílẹ̀, tí ẹ lè gé, tí ẹ lè fi kún. Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Oníṣẹ́ ìṣètò inú ilé kan,
Ìbàdàn.